Ègbè Tí Kò Lórúkọ Nínú Ilé Orin

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ará Ìdí-Ayin. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá jókòó, nítorí pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Oòrùn ṣì ga díẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ tán kí ó tó wọ̀, ìdí rẹ̀ yóò sì yé yín bí a bá dé òpin. Ọdẹ́rónkẹ́, ọmọ mi, wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi níbí. Ìwọ lọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fojú kéré mi nítorí pé ọ̀pá ni mo fi ń rìn, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Èmi Ọdẹ́yínká yìí ni mo pa ẹfọ̀n tó ń lé àwọn obìnrin padà lọ́nà odò. Èmi náà ni mo bá iwin jà nínú àbàtà títí iwin náà fi bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ sá lọ. Ẹ̀wù ọ̀hún kò gba orí mi ni ẹ kò fi rí i lọ́rùn mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń yangàn jù kì í ṣe ìbọn, ohùn mi ni. Bí ọdẹ bá kú ní ìlú yìí, èmi ni mo máa ń lé orin ìdágbére fún un.

Àwọn àna wa tó wà láàárín wa kò mọ àṣà yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé wọn. Bí ọdẹ bá kú níhìn-ín, orin la fi ń sìn ín dé ọ̀nà igbó ní ìdájí. Bí a kò bá kọ ọ́, kò ní mọ̀ pé òun ti kú. Yóò máa padà wálé, yóò máa pe ẹni tó fẹ́ràn jù pé kó wá bá òun lọ. Ẹni tó ń lé orin náà á dúró lójú ọ̀nà igbó, á kẹ̀yìn sí ilé. Àwọn obìnrin ilé á wà nínú ilé ìdáná, lẹ́yìn ògiri, wọn á máa gbè é. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lé e máa ń yí padà, nítorí pé olúkúlùkù òkú ló ní oríkì tirẹ̀. Ègbè kì í yí padà. Èèwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti lé e rí kò gbọdọ̀ gbè é láéláé. Bó bá gbè é, ọ̀nà ikú ara rẹ̀ ló là. A kì í sì í kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kú.

Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ni olórí àwọn tó ń gbè é. Ó kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọdẹ kankan kò kú nílùú yìí, inú wa sì ń dùn pé àlàáfíà dé. A kò mọ̀ pé àlàáfíà náà ń jẹ nǹkan kan mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni ejò bu Akínlàjà jẹ. Akínlàjà ni ọkọ Ọdẹ́rónkẹ́ ọmọ mi, ọdẹ gidi, ọmọlúàbí. Kí a tó gbé e délé, ó ti dákẹ́. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo dúró lójú ọ̀nà igbó, mo kẹ̀yìn sílé, mo gbé fìlà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo lé orin. Ẹ̀yin tó wà níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn bí ohùn mi ṣe dùn tó! Mo dúró níbi tí a máa ń dúró kí wọ́n lè gbè é. Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún lé e. Ewúrẹ́ kan ké. Mo pariwo láìbojú wẹ̀yìn pé, "Ẹ gbè é o!"

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Bàbá, kí ni ká gbè? Wọn kò kọ́ wa."

Mo lanu kí n sọ fún wọn. N kò rí nǹkan kan sọ. Èmi tí mo ti sin ọdẹ tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò mọ ègbè! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi tó lé e ṣáájú mi kò mọ̀ ọ́n, bàbá tirẹ̀ náà kò mọ̀ ọ́n. Ìró rẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wa láti ẹ̀yìn ògiri, bí wọ́n bá sì ń gbè é lọ́wọ́, ohun tí a máa sọ tẹ̀ lé e là ń rò. Ta ló ń bi ọkọ́ tó roko léèrè bí ọbẹ̀ ṣe dùn sí?

A sin Akínlàjà láìkọrin. Kò pẹ́ tí Ọdẹ́rónkẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ sí abọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, láràárọ̀ ni a ń rí ìrì lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti ewé igbó nínú irun rẹ̀. Mo pè é.

"Ọdẹ́rónkẹ́, níbo lo ti ń bọ̀?"

"Bàbá, Akínlàjà ló pè mí. Ó ní kí n wá bá òun gbé ẹran."

"Akínlàjà ti kú, ọmọ mi."

"Ẹ bá mi sọ fún un, Bàbá. Mo ti sọ fún un, kò gbà."

Ó ní ojoojúmọ́ ni ọkọ òun ń pe òun jìnnà sí i, pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé odò báyìí. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tó bá sọdá odò, kò ní padà mọ́. Ó ti rù débi pé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí n kò sá fún ẹfọ̀n, mo jókòó sẹ́yìn ilé mi, mo sunkún.

Àwọn àgbà sọ fún mi pé gbogbo orin tí a ti kọ rí láyé ń bẹ nínú Ilé Orin, ní Igbó Àìdákẹ́, lọ́wọ́ àwọn iwin. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo nu ojú mi, mo gbé ìbọn mi, mo kọrí sí ibẹ̀. Bí mo ṣe rìn, ẹ má bi mí. Ọ̀nà iwin kì í ṣe ọ̀nà oko.

Mo dé ẹnubodè kan tí kò ní odi. Iwin kan jókòó síbẹ̀, Agbéhùnmì lorúkọ rẹ̀. Ikùn rẹ̀ rí rogodo, ohùn ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: ọ̀kan ń pe ọmọ rẹ̀, ọ̀kan ń kígbe olè, ọ̀kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ọdẹ, màá pa àlọ́ fún ọ. Bí o kò bá já a, ohùn tí o fi ń yangàn yẹn di oúnjẹ mi. Kí ni ohun tí olè jí, tí ó ń lò ó ní gbangba, síbẹ̀ tí kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Orin ni. Bí o bá jí orin mi kọ, èmi náà ṣì ní i."

Òun kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "O já a bí wọ́n ṣe ń já a láyé àtijọ́. Kí a tó kọ́ ilé yìí, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀yin ọmọ ènìyàn ti gbọ́ pé a ń bá yín tọ́jú orin, ẹ kò kọ́ ọmọ yín mọ́. Wọlé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bí mo ṣe ń kọjá, ó tún yanu kó gbé mi mì, mo bá fi ìdí ìbọn gbá a nímú. Àpá tí ẹ ń wò lápá mi yìí ńkọ́? Ó dára, ẹ̀gún ló ya eléyìí, ṣùgbọ́n mo gbá a nímú.

Ilé Orin tóbi ju Ìdí-Ayin lọ. Akèrègbè ló kún inú rẹ̀, orin kan nínú akèrègbè kan, wọ́n sì fi ìda dí i lẹ́nu. Ìyá iwin kan ló ń tọ́jú wọn, Ìyá Atòrin ni wọ́n ń pè é. Etí rẹ̀ gùn dé èjìká. Bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á so wọ́n pọ̀ sẹ́yìn ọrùn kí wọ́n má baà dí i lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ fún un pé orin ìdágbére àwọn ọdẹ Ìdí-Ayin ni mo wá, pé ẹ̀mí ọmọ mi wà nínú rẹ̀.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Wàhálà lo bẹ̀ wò yẹn. Tẹ̀ lé mi."

Ó ṣí yàrá àkọ́kọ́. Ó ní, "Bàbá mi ló kọ́kọ́ to ilé yìí. Bí akèrègbè bá ṣe tóbi sí ló fi tò wọ́n, ńlá pẹ̀lú ńlá, kékeré pẹ̀lú kékeré. Ó dùn-ún wò, àlejò ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá orin, àfi kó mọ bí akèrègbè rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ìwọ mọ tìrẹ?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Ìyá."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n." Ó ti ilẹ̀kùn. "Nígbà tí Bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi há gbogbo àmì tí Bàbá fín sára wọn kúrò, ó wá fi orúkọ ẹni tó lé orin tò wọ́n. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Orin kan ṣoṣo, ẹni tó lé e ní ìlú yìí, ẹni tó lé e ní ìlú yẹn, ó di ọ̀pọ̀ akèrègbè ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀kan kò mọ èkejì. Gbọ́ wọn."

Mo gbọ́ wọn lóòótọ́. Wọ́n ń bú ara wọn nínú akèrègbè, olúkúlùkù ń pariwo pé òun lòun ni ín. Síbẹ̀ ọkàn mi fò sókè. Mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi wá Ọdẹ́yínká." Ó na ọwọ́, ó sì mú un jáde. Orúkọ mi wà lára rẹ̀! Ẹ wò ó, orí mi wú. Bí ẹ bá rí mi lọ́jọ́ náà, ẹ ì bá ra fìlà ńlá fún mi. Ó ṣí ìda, ohùn mi jáde. Mo gbọ́ bí mo ṣe lé e, ó dùn bí oyin. Ó dúró níbi tí a máa ń dúró. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan kò dún. Lẹ́yìn náà ohùn mi tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ègbè rẹ̀ dà?"

Ó ní, "Ẹni tó lé e la tọ́jú. Àwọn tó gbè é kò ní orúkọ tí a lè fi tò wọ́n."

Ó mú mi dé yàrá kẹta, ó rọra ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀, akèrègbè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya lu wá. Ó ní, "Ìgbà tí ó kàn mí, mo ní màá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo há àmì ẹ̀gbọ́n mi kúrò lára èyí tó pọ̀ nínú wọn, mo fi ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ orin tò wọ́n. Mélòó nínú ẹ̀yin ènìyàn ni kì í fi 'Mo júbà' bẹ̀rẹ̀ orin? Yàrá 'Mo júbà' nìyí. Àwọn yàrá yòókù ṣófo."

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́; ẹni a ní kó feni lójú, ó fata sẹ́nu. Gbogbo yín lẹ ń tún un ṣe, gbogbo yín lẹ ń bà á jẹ́."

Òun náà fara ya. "Ìwọ ì bá tò ó báwo, ọdẹ? Sọ ọ́, mò ń gbọ́."

N kò mọ bí ǹ bá ṣe tò ó. Mo bi í léèrè pé àwọn tí kò rí ibì kankan wọ̀ ńkọ́, ó sì na ìka sí ẹ̀yìnkùlé.

Àgbàlá ńlá ni. Akèrègbè tí kò ní àmì wà níbẹ̀ ní òkìtì-òkìtì, òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, wọ́n sì ń sunkún. Àwọn kan ti sán, orin inú wọn ti ṣàn wọlẹ̀, koríko tó hù níbẹ̀ sì ń mì láìsí atẹ́gùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò mọ̀ pé orin tí a bá ṣí níbẹ̀ máa ń wọ ara ẹni ni, kì í jáde títí á fi parí. Àkọ́kọ́ jẹ́ orin àwọn tó ń roko. Ẹ̀yìn mi tẹ̀, mo fi ọwọ́ lásán ro àgbàlá iwin títí èékánná mi fi ya. Èkejì jẹ́ ẹkún ìyàwó. Èmi tí mo ní irùngbọ̀n yìí, mo ń sunkún pé mò ń fi ilé ìyá mi sílẹ̀, ta ni yóò máa bá a pọnmi! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dára, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, n kò ní sọ èyí tó pọ̀ nípa rẹ̀. Orin ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò dúró ni. Nígbà tó fi jáde lára mi, mo ti nà gbalaja sórí ilẹ̀, n kò lè gbé apá. Òkìtì ṣì pọ̀ níwájú mi bí ẹni pé n kò tíì ṣí ẹyọ kan, ọmọ mi sì ń rìn lọ sódò.

Mo jókòó, mo rò ó. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Kí ni mo mọ̀ nípa orin yìí? N kò mọ bó ṣe tóbi, n kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ń yí padà. Ibi tí mo máa ń dúró nìkan ni mo mọ̀. Ẹni tó ń wọlé lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kò kúrò níbi tó wà. Mo bá dìde, mo kẹ̀yìn sí òkìtì náà bí mo ṣe ń kẹ̀yìn sílé, mo lé e:

"Ta ló ń lọ? Ọdẹ ló ń lọ.
Ìbọn rẹ̀ ń bẹ lára ògiri,
Ajá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
Kí ni kí á wí fún un?"

Mo dúró. Gbogbo ẹkún àgbàlá náà dákẹ́. Lẹ́yìn mi, nísàlẹ̀ òkìtì, àwọn obìnrin dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Máa lọ, má bojú wẹ̀yìn,
Iná ò kú nínú ilé."

N kò yíjú padà rí nínú orin yẹn. Ọjọ́ náà ni mo yíjú padà. Ohùn Àṣàkẹ́ wà láàárín wọn, ó ga díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, bó ṣe máa ń rí bó bá ń pè mí wá jẹun. Mo sunkún bí ọmọdé. A gbé ilé kan náà pọ̀ títí ikú fi mú un, ó ń dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri, n kò sì gbọ́ ohun tó ń sọ rí.

Ìyá Atòrin ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní, "Akèrègbè kankan kì í kúrò nílé yìí. Ẹnu lo máa fi gbé e lọ."

"Ìyá, èèwọ̀ ni fún mi. Mo ti lé e rí."

"Mo mọ̀. Ṣé ẹlòmíràn tẹ̀ lé ọ wá ni?"

Ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Mo ya ẹnu, mo gbè é. Òtútù kan gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé dé àyà, kò sì jáde mọ́.

Kí n tó lọ, ó mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń fín igbá. Ó ní, "Kí ni kí n fín sára rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà jìyà bíi tìrẹ? Orúkọ rẹ ni?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá. Ẹ fín Àṣàkẹ́ àti àwọn obìnrin ilé ìdáná Ìdí-Ayin. Ẹ fín ègbè náà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá fín in pé òkú ọdẹ la fi ń sìn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má há àmì ẹnikẹ́ni kúrò mọ́."

Ó ní, "A kò fín ègbè sára akèrègbè rí." Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fín in.

Mo ń gbè é bọ̀ nílé láìdákẹ́, kí n má baà gbàgbé. Àwọn iwin kí mi, n kò dáhùn. Wọ́n bú bàbá mi, n kò dáhùn, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìwà mi. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí mo dé odò wa. Ọdẹ́rónkẹ́ wà nínú omi, ó ti dé orúnkún rẹ̀. Akínlàjà dúró lódìkejì, ó na ọwọ́ sí i. Kò dẹ́rù bani rárá. Ó rí bí ọkùnrin tó ti rẹ̀, tó ń dúró de ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n jọ lọ sílé.

Mo kígbe pé, "Ọdẹ́rónkẹ́, lé orin fún ọkọ rẹ!"

"Bàbá, obìnrin kì í lé e."

"Ọkùnrin náà kì í gbè é. Lé e!"

Ó wo ọkọ rẹ̀, ó lé e:

"Akínlàjà, o ní kí n wá gbé ẹran,
Ẹran ti jinná, wọ́n ti pín in jẹ.
Mo bu tìrẹ sílẹ̀, ó ti tutù.
Kí ni kí n wí fún ọ?"

Èmi nìkan ni mo gbè é. Ohùn mi há, kò dùn rárá. Akínlàjà rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ mi tún lé e, mo tún gbè é. Ọkùnrin náà gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó yí padà, ó wọgbó, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ọdẹ́rónkẹ́ jókòó sínú omi, ó sun ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo wọ inú omi lọ bá a.

Ẹ rí i báyìí, ó ti sanra padà. Mo ti ń rò pé èèwọ̀ náà gbàgbé mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ ọdún yìí ti dé, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, mò ń gbọ́ ẹnìkan tó ń lé orin lójú ọ̀nà igbó. Mo mọ ohùn náà. Ohùn èmi fúnra mi ni. Ó ń ki bàbá mi, ó ń dárúkọ ìbọn mi, á dúró níbi tí a máa ń dúró, kò sì sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Mo ń fi eyín di ahọ́n mi mú, kí n má baà gbè é.

Ìdí tí mo fi pè yín nìyí. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ jáde nínú ilé ìdáná. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé èèwọ̀ ni, pé ẹnikẹ́ni kò tíì kú. Oòrùn ló ń wọ̀ lọ yẹn. Ọdẹ́rónkẹ́, dìde, lé e, má sì sunkún títí a ó fi parí. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, bí wọ́n bá ń gbè é, ohun tí màá sọ tẹ̀ lé e ni mo máa ń rò. Lónìí, n kò ní nǹkan kan láti sọ mọ́. Ẹ gbè é, kí n gbọ́.